Ẹnu Ta Ló Purọ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ní Amùkòkò, ọ̀rẹ́ mi kan purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kejì lójú gbogbo wa, a sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, torí mo ti mọ̀ nípa irọ́ náà kó tó jáde lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ pa á ti fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì dá a lóhùn pé, "Ó da. Máa bọ̀." Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè kan tí mi ò rò pé géèmù lè bi èèyàn: tí ẹ̀dá inú ìtàn bá purọ́, ẹnu ta ló pa á?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Dungeons & Dragons lorúkọ rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Kì í ṣe bíi lúdò tí ọmọ ayò kan gbọ́dọ̀ délé kí òmíràn tó délé, kò sì sí "last card" níbẹ̀ bíi ti Whot. Ẹnì kan á jókòó gẹ́gẹ́ bí olùdarí, òun ló ń sọ ìtàn: "Ẹ ti dé ẹnu ibodè, ẹ̀ṣọ́ méjì dúró níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Àwọn tó kù, kálukú ló ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ télọ̀ lójú ayé lè jẹ́ jagunjagun níbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tí kò dájú, bóyá ògiri lo fẹ́ fò, bóyá ọba lo fẹ́ bẹ̀, wàá ju dáìsì olójú ogún. Tí iye tó jáde bá tó, ó bọ́ sí i fún ẹ. Tí kò bá tó, o ti wọ gàù nìyẹn.

Àwa márùn-ún la máa ń ṣe é, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé face-me-I-face-you tí mò ń gbé. Kò sẹ́ni tó ní ìwé rẹ̀ nínú wa. Apá tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo wà sórí fóònù mi, orí fóònù náà sì ni dáìsì wà. Tí wọ́n bá mú iná, tí bátìrì bá tán, a máa ń gé bébà kéékèèké ogún, a ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, a ó kó wọn sínú agolo mílíìkì, a ó máa fà á níkọ̀ọ̀kan. Ìtàn wa kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ dírágónì. Ìlú Yorùbá àtijọ́ kan tí a fi ọwọ́ ara wa dá la fi í sí, torí èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí elf.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ inú eré ni n ó fi máa pè wọ́n. Ọdẹ, àgbàlagbà tó ti pa ẹkùn rí, bẹ́ẹ̀ lójú ayé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń tún fóònù ṣe ni. Oníṣòwò, ọ̀dọ́ ẹlẹ́nu dídùn, tí òun àti Ọdẹ jọ bẹ̀rẹ̀ prámárì wáànù lọ́jọ́ kan náà. Agbẹnusọ, tó ń bá ọba lò. Ọmọ-ọba, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ló kéré jù nínú wa. Èmi ni olùdarí.

Ẹ fi ọkàn sí bí a ṣe ń pe ara wa nínú eré yìí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa já sí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ eré náà, "you" kan náà ni fún ọba àti fún ẹrú. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Ọdẹ rán Ọmọ-ọba ní pyọ́ wọ́tà. Ọmọ náà sáré lọ rà á wá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Ọdẹ yìí kan náà fi dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì, tó ń sọ pé, "Ọmọ ọba, ẹ dákun, ẹ má bínú." A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Nígbà tó yá, kò pani lẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti di ohun tí a fi ń mọ̀ pé a ti wọ inú ìtàn. Tí Oníṣòwò bá sọ fún Ọdẹ pé, "Bàbá, ẹ máa rọra," inú eré la wà. Tó bá ní, "Gúy, sún síwájú jàre," a ti jáde.

Ó ku bí irọ́ náà ṣe wáyé. Àwọn ará ìtàn ti wá ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan jọ láti fi ra ìyá Ọmọ-ọba padà lóko ẹrú. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 owó ẹyọ ni. Nǹkan bí oṣù méjì la fi ṣeré ká tó rí i kó jọ. Lóru, Ọdẹ ló ń ṣọ́ ọ. Oníṣòwò ní kí Bàbá lọ sùn, òun á bá wọn ṣọ́ ọ. Ọdẹ ní rárá, ojú ọmọ yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ní kí Oníṣòwò ju dáìsì. Ó ní kò sídìí, òun máa fi ẹnu bá a sọ ọ́. Ló bá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Láti prámárì? Nígbà tí wọ́n kó owó àjọ ẹ sá lọ, ta ló dúró tì ẹ́?"

Ọdẹ wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó da. Mo sùn."

Ilẹ̀ mọ́, kò sí owó, kò sí Oníṣòwò. Èmi ni mo ka ìròyìn náà jáde, pẹ̀lú ìgbádùn. Gbogbo wa pariwo. Ọdẹ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kọ́sítọ́mà ń pe òun, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ara ìyá Oníṣòwò ò yá, ìyá rẹ̀ gan-an, ti ojú ayé. Ọsibítù ní kí wọ́n san owó kí wọ́n tó fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì. Ó pe Ọdẹ pé kó yá òun ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà. Ọdẹ gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó wá bi í pé, "Dáìsì mélòó lo jù?" Ó gé fóònù.

A rí owó náà lọ́nà mìíràn, ìyá ti padà sílé, wọ́n ti ń din àkàrà wọn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, èmi àti òun ni.

Oníṣòwò ní tirẹ̀, eré ni o. Ó ní, "Ẹ̀dá ìtàn mi ló ṣe é, èmi kọ́. Ẹni tó ṣe olè nínú fíìmù, ṣé ọlọ́pàá máa mú un ni?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìyá ìyá mi máa ń ṣépè fún òṣèré kan lórí tẹlifíṣọ̀n débi pé tí wọ́n bá fi ọkùnrin náà hàn nínú ìpolówó ọṣẹ, wọ́n á ní ká pa á. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Tí a bá ní irọ́ inú eré ti di irọ́ gidi, ṣé kì í ṣe ohun kan náà là ń ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Augustine, ọmọ Áfíríkà tó di bíṣọ́ọ̀bù Hippo, nílẹ̀ tí à ń pè ní Àlìjíríà lónìí, kọ odidi ìwé lórí irọ́ ní nǹkan bí ọdún 395. Ọkùnrin náà le. Lójú tirẹ̀, èèyàn ò gbọ́dọ̀ purọ́, kódà kó jẹ́ pé irọ́ ló máa gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rárá, ó yọ àwàdà sọ́tọ̀. Ó ní ohùn ẹni tó ń ṣàwàdà àti ìṣesí rẹ̀ ti fi hàn pé kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohùn. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Lójú tèmi, àwọn apàlọ́ wa tún mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Apàlọ́ kì í kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Á kọ́kọ́ pe àlọ́, àwọn ọmọ á dáhùn, ìdáhùn yẹn sì ni ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìjàpá á tó máa bá Erin sọ̀rọ̀. Èyí tó wá ń yà mí lẹ́nu ni ìparí rẹ̀. Apàlọ́ á búra pé tí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má dún. Á fi ọwọ́ gbá ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, agogo á sì dún! Ẹni tó ti fi wákàtí kan gbáko sọ̀rọ̀ ẹranko tó ń ná ọjà, òun ló ń búra pé òun ò purọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí wọ́n ń kọ́ wa níléèwé pé ẹni tó bá purọ́ á jalè, mo rò pé apàlọ́ kàn ń fi wá ṣeré ni. Mo ti wá rí i pé kò purọ́ lóòótọ́. Ẹnu àlọ́ ló fi sọ ọ́, àwa náà sì ti yá a ní etí àlọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eégún. Kì í fi ohùn tí a mọ̀ mọ ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, wọ́n ṣeré eégún fún un láàfin. Nínú eré náà, ẹnì kan jáde bí òyìnbó, ó ń rìn bí òyìnbó, níwájú òyìnbó gan-an. Àwọn èrò gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó bi òṣèré náà pé kí ló dé tó fi pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. (Tíátà ńlá ìjọba tó wà ní Ìgànmú, tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ báyìí, kò jìnnà sí Amùkòkò rárá. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa márùn-ún tó tíì wọ inú rẹ̀ rí láti wo eré. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Nítorí náà, mo gbà fún Oníṣòwò pé irọ́ inú eré kì í ṣe irọ́. Ká ní ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi, mo fi Ògún búra pé ẹ máa bá owó yín nílẹ̀," ì bá kó owó náà lọ, kí Ọdẹ fi ọ̀fà lé e kiri ìlú fún oṣù mẹ́fà, ká máa gbádùn ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ padà síbi ohun tó sọ. "Ṣé o ò mọ̀ mí ni?" "O" ló sọ, kì í ṣe "ẹ". Bàbá Ọdẹ ò lọ sí prámárì. Kò sẹ́ni tó kó owó àjọ Bàbá Ọdẹ sá lọ rí. Ọ̀dọ́ oníṣòwò inú ìtàn ò mọ nǹkan kan nípa ẹkún tí ọ̀rẹ́ mi sun lọ́dún yẹn. Ẹnu ti yí padà láàárín gbólóhùn méjì, etí náà sì yí padà tẹ̀ lé e. Ẹni tó sọ pé "Ó da, mo sùn," kì í ṣe Bàbá Ọdẹ. Ọ̀rẹ́ ló gba ọ̀rẹ́ gbọ́.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ yá owó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa sin olówó títí wọ́n á fi san gbèsè tán. Ohun tí Oníṣòwò ṣe nìyẹn. Ó fi ọ̀rẹ́ ọlọ́dún méjìdínlógún ṣe ìwọ̀fà, ó fi í yá ìgbàgbọ́, ó sì fi ìgbàgbọ́ náà ra owó ẹyọ tí kò sí níbì kankan. Kò san nǹkan kan padà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá ń ṣàìsàn, tó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ náà, ọ̀rẹ́ ṣì wà lóko olówó.

Àwọn kan máa sọ pé àwọn eré kan wà tí ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Mafia, tí Dimitry Davidoff dá sílẹ̀ ní Moscow lọ́dún 1986, tí ọ̀pọ̀ yín ti ṣe ní káàǹpù, kò lè ṣeé ṣe láìsí onírọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó yí i ká ló mọ̀ pé ẹnì kan ń tan àwọn jẹ, tí o bá sọ pé "Ṣé o ò mọ̀ mí ni?" níbẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá ẹ lóhùn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan náà la jọ ń rìn. Kò sẹ́ni tó gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹnì kan nínú wa lè yí ẹ̀yìn padà, torí èmi olùdarí ò bi wọ́n. Mo gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lórí WhatsApp, mo sì ń wo Ọdẹ bó ṣe ń rìn wọ inú ẹ̀. Tí ẹ bá ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kejì, ẹ ti rí i.

Lẹ́yìn èyí, a jiyàn gan-an lórí dáìsì. Láti inú ẹ̀dà eré náà tó jáde lọ́dún 2014 la ti ń mú òfin wa: ẹni tó ń purọ́ á ju dáìsì, ẹni tó ń gbọ́ ọ náà á ju tirẹ̀, ká wo tani yóò borí. Oníṣòwò kórìíra rẹ̀. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá dùn lẹ́nu, kí ló kan nọ́ńbà? Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, títí tí mo fi wo Agbẹnusọ dáadáa.

Agbẹnusọ ń kólòlò. Ní àdúgbò wa, tí Yorùbá, Ìjọ̀, Ìgbò, Ìlàjẹ àti Úròbò jọ ń gbé, tí gbogbo èèyàn ń pariwo ní èdè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tó ń kólòlò kì í rí àyè parí gbólóhùn. Òun ló wá mú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ọba. Lọ́jọ́ kan, ọba ìlú kejì fẹ́ bẹ́ wọn lórí. Agbẹnusọ dìde, ó ní, "Mo... mo bẹ̀ yín, Ká... Kábíyèsí." Ó fa bébà nínú agolo. 19. Mo sọ fún wọn bí ààfin ṣe dákẹ́, bí ọba ṣe fi ìrùkẹ̀rẹ̀ nu ojú, bí wọ́n ṣe gbé obì jáde fún àlejò. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ wo ojú ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹni tó ń ṣe jagunjagun gbé ọlọ kó tó lè jà. Kí ló dé tí a ó fi ní kí ẹni tó ń ṣe ẹlẹ́nu dídùn ní ẹnu dídùn?

Àǹfààní kejì tí dáìsì ní ni pé kò mọ̀ ẹ́ rí. Kò mọ prámárì tí o lọ. Tí o bá fi í tan ẹ̀dá ìtàn mi jẹ, kò sí nǹkan mi kankan tí o yá lò.

Ó níbi tó kù sí, ṣá. Tí dáìsì Oníṣòwò bá mú 18, ti Ọdẹ mú 5, ṣé kí n pàṣẹ fún Ọdẹ pé, "O ti gbà á gbọ́"? Ọkàn ẹ̀dá ìtàn nìkan ni nǹkan tí ẹni tó ń ṣeré ní. Olùdarí ló ni òjò, òun ló ni ọ̀tá, òun ló ni ọjà. Mi ò rò pé ó yẹ kí n gba ìyẹn náà. Èyí tí a fẹnu kò sí ni pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú náà sì ni dáìsì máa fi hàn. "Ojú ọmọ náà mọ́ kedere, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n." Ibẹ̀ ni n ó dákẹ́ sí. Bí Bàbá á bá gbà á gbọ́, ọwọ́ Bàbá ló kù sí.

Ọmọ-ọba ló wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò tíì dáhùn tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká má mú nǹkan ara wa wá sínú eré mọ́ ni?" Mo dákẹ́, torí mo rántí pé nígbà tí ọba kú nínú ìtàn wa, ọmọ yìí sunkún, kò sì sẹ́ni tó rò pé ọba inú ìtàn ló ń sunkún fún. Bàbá rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀ nígbà náà. Ọjọ́ yẹn ló dára jù nínú gbogbo ọjọ́ tí a ti ṣeré. Òun náà mú ohun ojú ayé wọ inú ìtàn, gẹ́gẹ́ bí Oníṣòwò ṣe ṣe. Mo wí fún un pé tirẹ̀ yàtọ̀, torí ó mú un wá fún wa ni, kò fi gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà.

Oníṣòwò lọ bẹ Ọdẹ níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Ọdẹ ò sọ̀rọ̀, ó ní kó jókòó, ó sì bá a pààrọ̀ gíláàsì fóònù rẹ̀ tó ti fọ́ láti oṣù mélòó kan. Ó gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọdẹ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ní òun ò fẹ́ ṣe Bàbá Ọdẹ mọ́, òun ti mú ẹ̀dá ìtàn tuntun wá. Oníṣòwò fẹ́ fi ẹ̀sọ̀ bá a lò. Ó yí ohùn padà dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ sí ìlú wa, àgbà. Ẹ jẹ́ n bá yín ru ẹrù yín." Ó ju dáìsì láìjẹ́ pé mo sọ fún un. 17.

Gbogbo wa kọjú sí Ọdẹ. Ó ń wo bébà tó kọ ìtàn ẹ̀dá tuntun náà sí, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú kí n lè kà á. Lábẹ́ orúkọ, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: adití.